Nánò Lára Ọ̀dà àti Símẹ́ǹtì: Kí Là Ń Rà Gan-an?

Ẹni tó bá ń kọ́lé n'Íbàdàn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn ọlọ́dà: nánò. Wọ́n ń kọ ọ́ gàdàgbà sára báàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, sára ike oògùn tí wọ́n ní ó ń lé omi kúrò lára ògiri, sára gíláàsì fèrèsé, àní sára páálí táìsì pàápàá. Bí oníbàárà bá béèrè ìdí tówó rẹ̀ fi ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, èsì tó máa ń gbọ́ ò ju "Alájì, nánò mà nìyí!" lọ. Oníbàárà á mi orí, á sanwó, á sì gbé e lọ sílé láìmọ ohun tó rà.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí owó ilé ò rọrùn láti kó jọ. Bí nǹkan ṣe kéré tó nìkan ni nánò ń sọ fún wa. Fàdákà lè jẹ́ nánò, èròjà inú yanrìn lè jẹ́ nánò, kábọ̀nù tó wà nínú èédú náà lè jẹ́ nánò. Iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe lára ilé yàtọ̀ síra, ewu inú wọn náà yàtọ̀. Ẹni tó bá ní nánò lòun ń tà ò tíì sọ ohun tóun ń tà fún yín.

Ẹ mú rúlà àwọn ọmọ iléèwé. Àlàfo tó wà láàárín ìlà méjì tó sún mọ́ra jù lórí rẹ̀ ni mìlímítà kan. Ẹ pín àlàfo yẹn sọ́nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nànómítà. Irun orí èèyàn máa ń nípọn tó nǹkan bíi nànómítà 80,000 sí 100,000. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní èròjà nánò ni èyí tí gígùn, ìbú tàbí sísanra rẹ̀ wà láàárín nànómítà 1 sí 100. Nígbà tí ìjọba ìṣọ̀kan Yúróòpù tún ìtumọ̀ tiwọn ṣe ní 2022, wọ́n ní ó kéré tán, ìdajì iye hóró tó wà nínú èròjà náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìwọ̀n yẹn kó tó lè jẹ́ orúkọ náà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tó ní òǹkà ni, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè kàn kọ sára ike.

Kí ló dé tí kíkéré fi ń yí ìwà nǹkan padà? Ará Ìbàdàn ò ní pẹ́ mọ èyí. Ẹ ju iṣu gbígbẹ tí a ò tíì lọ̀ sínú omi gbígbóná, á pẹ́ níbẹ̀ kó tó rọ̀. Ẹ lọ̀ ọ́ di èlùbọ́, ìṣẹ́jú mélòó kan ló fi máa di àmàlà. Iṣu kan náà ni, omi kan náà ni, àmọ́ ibi tí iṣu ti ń fojú kan omi ti pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà gbè é. Ohun tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan ní ojú mẹ́fà, àpapọ̀ ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 níbùú lóròó. Bí a bá gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí ẹyọ kọ̀ọ̀kan fi di nànómítà kan ní gbogbo ìhà, tí a sì ro ojú gbogbo wọn pọ̀, ó di mítà 6,000 níbùú lóròó. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà ilẹ̀ kan àbọ̀, láti inú ohun tó wọ àárín ìka méjì! Ojú ara nǹkan ni èròjà ti ń bá èròjà pàdé, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ ti ń wáyé. Ìdí nìyẹn tí gíráàmù díẹ̀ fi lè ṣe ohun tí àpò kan ò lè ṣe.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lára ilé ni titanium dioxide, ìyẹ̀fun funfun kan. Ní 1972, àwọn ará Japan méjì, Akira Fujishima àti Kenichi Honda, tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kan èròjà yìí nínú omi, ó lè tú omi palẹ̀ sí àwọn gáàsì tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n wá mọ̀ pé bí oòrùn bá kàn án lára ògiri tàbí gíláàsì, ó máa ń jó ìdọ̀tí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ láìsí iná: òróró, èéfín, kòkòrò àìfojúrí. Ó tún ń jẹ́ kí omi tẹ́ pẹrẹsẹ lára gíláàsì dípò kó dúró ní kíkán kíkán, omi náà á sì gbá ìyókù ìdọ̀tí lọ. Ilé iṣẹ́ Pilkington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé gíláàsì tó ń fọ ara rẹ̀ báyìí jáde ní 2001. Ní Róòmù, ṣọ́ọ̀ṣì Dives in Misericordia tí Richard Meier ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì parí ní 2003, símẹ́ǹtì funfun tó ní titanium dioxide ni wọ́n fi kọ́ àwọn ògiri ńlá rẹ̀.

Ṣé á ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn? Oòrùn ò wọ́n wa. Òjò náà ò wọ́n wa láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń dọ̀tí ògiri wa ná. Ẹ dúró síwájú ilé kan ní títì oníyẹ̀pẹ̀ ní Àkóbọ̀ tàbí Mọ́níyà. Ìsàlẹ̀ ògiri náà, láti ilẹ̀ dé orúnkún, ti pọ́n yòò. Ilẹ̀ pupa tí òjò ń ta sókè ni. Irin tó ti dógùn-ún ló mú ilẹ̀ yẹn pọ́n, kò sì sí bí titanium dioxide ṣe máa jó ohun tó ti jó tán. Eruku ọyẹ́ náà nìyẹn: yẹ̀pẹ̀ lẹ́búlẹ́bú ni, àsìkò tí òjò ò sí láti fọ̀ ọ́ dànù ló sì máa ń dé. Ní tèmi, irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ á wúlò lára ilé gíga tó kọjú sí títì ọlọ́kọ̀, bí àwọn tó wà ní Dùgbẹ̀ nítòsí Cocoa House, níbi tí èéfín mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé. Fèrèsé tí páànù ṣíji bò, tí òjò ò lè kàn, ọwọ́ èèyàn náà ló ṣì máa fọ̀ ọ́.

Ibì kan tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Titanium dioxide yìí kan náà ló ń mú kí ọ̀dà funfun funfun, ó sì ti pẹ́ nínú ọ̀dà. Àmọ́ hóró tí wọ́n ń lò fún ìyẹn sábà máa ń tó nànómítà 200 sí 300, nítorí ìwọ̀n yẹn ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká dáadáa. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kúnná dé ìwọ̀n nánò, funfun rẹ̀ á pòórá, ìmọ́lẹ̀ á máa gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fi hàn yín pé titanium dioxide wà lára orúkọ èròjà inú ọ̀dà rẹ̀ ò tíì fi nánò kankan hàn yín.

Fàdákà ló kàn, èyí sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Bí fàdákà bá kéré dé ìwọ̀n nánò, ó máa ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohun tó ń tú sílẹ̀ yẹn sì ń pa kòkòrò àìfojúrí. Àwọn onímọ̀ ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, níbí lọ́dọ̀ wa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, mú èèpo obì gbànja, èyí tí a máa ń dà nù lẹ́yìn tí a bá ti yọ obì inú rẹ̀, wọ́n fi omi rẹ̀ ṣe hóró fàdákà nánò, wọ́n sì pò ó mọ́ ọ̀dà láti dènà àwọn kòkòrò yẹn. Ní 2016 ni ìwádìí náà jáde. Inú mi dùn sí i gidigidi. Ẹni tó ń ṣe ọ̀dà n'Íbàdàn tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nánò, Ògbómọ̀ṣọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà lọ.

Síbẹ̀, ibi tí a bá lò ó sí ṣe pàtàkì. Ní Switzerland, àwọn onímọ̀ kun ògiri kan ní ọ̀dà tó ní fàdákà nánò, wọ́n gbé e sójú òjò fún ọdún kan, wọ́n sì ń gba omi tó ń ṣàn lára rẹ̀ sínú ohun èlò. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2010, ó lé ní ìdá 30 nínú 100 fàdákà náà tó bá omi lọ. Òjò tiwa kì í rọ̀ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bí a bá kun ìta ilé wa ní irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, ojú gọ́tà ni fàdákà náà máa gbà lọ, gọ́tà á sì gbé e lọ sínú Ògùnpa tàbí odò Ọ̀nà, níbi tí kò ti ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yan èyí tó máa pa nínú ohun abẹ̀mí kéékèèké inú omi. Nínú wọ́ọ̀dù ọsibítù, lára ògiri tí òjò ò kàn, mo rí ìdí tó fi yẹ. Lára ìta ilé gbígbé lásán, mi ò rí i.

Ní ti símẹ́ǹtì, àwọn èèyàn rò pé nánò jẹ́ ohun àjèjì sí i, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí símẹ́ǹtì bá ti pàdé omi, ohun méjì pàtàkì ló máa ń dà. Ọ̀kan dà bíi gọ́ọ̀mù, òun ló ń di gíráfúlù àti yanrìn mú, nánò sì ni bí ó ṣe tò lára fúnra rẹ̀. Èkejì jẹ́ irú ẹfun kan tí agbára rẹ̀ ò pọ̀. Sílíkà, tí í ṣe èròjà inú yanrìn, bó bá kéré tó, á bá ẹfun yẹn ṣiṣẹ́, á sọ ọ́ di gọ́ọ̀mù sí i. Hóró rẹ̀ tó kù á tún dí àwọn ihò tíntìntín tí omi ń gbà wọlé. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń kọ́ afárá àti ilé gogoro ti ń lo ìbátan rẹ̀ kan, eruku tó ń jáde láti inú iná ìléru tí wọ́n ti ń ṣe sílíkọ́ọ̀nù. Hóró eruku yẹn fi bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún kéré sí ti símẹ́ǹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì tóbi díẹ̀ ju nánò lọ.

Ìwọ̀n sílíkà nánò tí wọ́n sábà ń lò ò ju ìdá kan sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún símẹ́ǹtì lọ. Nínú àpò símẹ́ǹtì 50 kg, ìdá kan jẹ́ gíráàmù 500. Wàhálà rẹ̀ ni pé hóró kéékèèké bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn láti ṣù mọ́ra wọn. Bí bíríkìlà bá kàn dà á sórí yanrìn, tó sì ń fi ṣọ́bìrì yí i nílẹ̀, á di kóókó síbì kan, ibòmíràn ò sì ní rí nǹkankan. Ó tún máa ń fa omi mọ́ra, kí kọnkéré sì lè rọ̀, bíríkìlà á tún bu omi sí i, bẹ́ẹ̀ omi àpọ̀jù gan-an ló ń pa kọnkéré. Ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ àti ẹni tó mọ ìwọ̀n ni nǹkan yìí yẹ. Fún wa tó ń kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta, yanrìn tí kò ní amọ̀, omi tó mọ níwọ̀n, símẹ́ǹtì alágbára tí wọ́n kọ 42.5 sára àpò rẹ̀ fún dẹ́kìn àti òpó, ká sì máa bomi rin ín fún ọjọ́ méje ó kéré tán, ló máa fún wa ní ohun tí a ń wá nínú nánò. Àwọn yòókù tí a ń gbọ́ orúkọ wọn, carbon nanotube, ọ̀pá kábọ̀nù tíntìntín tó ní ihò nínú, tí Sumio Iijima kọ nípa rẹ̀ ní 1991, àti graphene, kábọ̀nù tó fẹ́lẹ́ pẹlẹbẹ bí ewé, tí Andre Geim àti Konstantin Novoselov gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2010, ṣì ń gbìyànjú láti wọ iṣẹ́ kọnkéré. Ní 2021, wọ́n fi graphene sínú kọnkéré ilẹ̀ ilé eré ìdárayá kan ní Amesbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 

Ohun tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa jù, lójú tèmi, ni oògùn omi: ike ìfọ́n tí wọ́n ń pè ní nánò, tí wọ́n ní ó ń gba ògiri lọ́wọ́ omi. Ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń tà á. Ọlọ́jà á gbé ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù kan sórí tábìlì. Ó ti fọ́n oògùn náà sí apá kan, kò fọ́n ọn sí èkejì. Á já píọ̀ wọ́tà, á tú u lé e lórí. Apá kan á mu omi gbì, á dúdú. Lápá kejì, omi á máa yí gbirigbiri, á jábọ́ sílẹ̀, búlọ́ọ̀kù náà á sì gbẹ bíi tàtẹ̀yìnwá. Ohun tí ẹ rí yẹn kì í ṣe irọ́. Èròjà tó sábà máa ń wà nínú irú ike bẹ́ẹ̀ ni silane tàbí siloxane. Ó máa ń wọ inú ihò búlọ́ọ̀kù, kó má lè gba omi mọ́. Kò di dandan kí hóró nánò kankan wà nínú rẹ̀ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Òjò tó ń ti òkè tàbí ẹ̀gbẹ́ bọ̀ ni ọlọ́jà fi hàn yín. Omi tó ń da ọ̀pọ̀ ilé láàmú n'Íbàdàn, ìsàlẹ̀ ló ti ń gòkè. Wọ́n ta ìpìlẹ̀, wọ́n da Jámánì fúlọ̀, wọn ò tẹ́ ọ̀rá dúdú tó yẹ kó dínà mọ́ omi ilẹ̀, wọ́n sì to búlọ́ọ̀kù lé e. Ihò inú búlọ́ọ̀kù ń fa omi sókè. Lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta, ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, iyọ̀ funfun á máa yọ lára ògiri, pílásítà á máa ré. Bí ẹ bá wá fọ́n oògùn sí ojú irú ògiri bẹ́ẹ̀, ẹ ti dí ọ̀nà tí omi ń gbà gbẹ nìyẹn. Omi náà á wá ibi tó ga sí i gbà jáde, iyọ̀ á sì máa ṣù sẹ́yìn pílásítà títí yóò fi tì í wó. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń wá. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni, iṣẹ́ abẹ́ ògiri ni, kò sí ike tó máa rọ́pò rẹ̀.

Ìfọ́n tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn nínú. Ní oṣù kẹta ọdún 2006, ní Jámánì, wọ́n gbé ìfọ́n kan jáde tí wọ́n ń pè ní Magic Nano, fún gíláàsì àti ilé ìwẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tí mímí wọn dàrú, omi sì kó sí ẹ̀dọ̀fóró àwọn kan débi tí wọ́n fi gbé wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n kó ọjà náà kúrò lọ́jà kíá. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí hóró nánò kankan nínú rẹ̀. Orúkọ lásán ni. Ohun tí wọ́n fọ́n di ìkùukùu tó kéré tó láti wọ inú àyà ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Mo máa ń tọ́ka sí ìtàn yìí fún ẹni tó bá ń bẹ̀rù nánò àti fún ẹni tó bá ń yìn ín, torí pé àwọn méjèèjì ni orúkọ náà ń ṣì lọ́nà.

Ewu tó wà nínú àwọn èròjà yìí dá lórí bóyá wọ́n so mọ́ nǹkan tàbí wọ́n wà lófuurufú. Hóró tó ti wà nínú gíláàsì, nínú kọnkéré, tàbí nínú ọ̀dà tó ti gbẹ kì í fò. Ẹni tó ń sùn nínú yàrá náà ò níṣòro. Ẹni tó ń da ìyẹ̀fun rẹ̀, tó ń fọ́n ọn, tó ń fi sánpépà yún un, tàbí tó ń wó ògiri náà lẹ́yìn ogún ọdún, òun lọ̀rọ̀ kàn. IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ka titanium dioxide mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ béèyàn bá ń fà á símú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró àwọn eku ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2011, NIOSH, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́, dábàá pé kí eruku rẹ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ má ju mìlígíráàmù 2.4 lọ nínú mítà kan níbùú, lóròó àti gíga. Fún èyí tó jẹ́ nánò, wọ́n ní kó má ju 0.3 lọ. Èròjà kan náà, ìwọ̀n tí wọ́n gbà láyè kéré sí i ní ìlọ́po mẹ́jọ nítorí pé hóró rẹ̀ kéré.

Carbon nanotube ló yẹ ká ṣọ́ra fún jù. Àwọn onímọ̀ ní Edinburgh tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2008 pé èyí tó gùn, tó sì nà tààrà nínú wọn, nígbà tí wọ́n fi sínú ara eku, ṣe irú ọṣẹ́ tí eruku àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ, máa ń ṣe. Èyí tó kúrú tàbí tó lọ́ pọ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa tí a mọ síìlì àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì tó ṣì wà lájà àwọn ilé àtijọ́ wa ò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo ìròyìn yẹn.

Mo ní láti sọ èyí náà: ewu tó ti dájú wà lójú iṣẹ́ wa láìsí nánò. Ẹ wọ ilé tí wọ́n ti ń ṣe sikirídìn lọ́wọ́. Pẹ́ńtà ti fi sánpépà yún ògiri láti àárọ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun báláú, aṣọ kékeré kan ló sì so mọ́ imú. Nínú yàrá kejì, ẹni tó ń to táìsì ń fi ẹ̀rọ gé e ní gbígbẹ, eruku bo gbogbo ilé. Eruku táìsì àti ti búlọ́ọ̀kù ní sílíkà irú tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. IARC ò ṣiyèméjì rárá pé ìyẹn ń fa jẹjẹrẹ. Aṣọ kò lè dá a dúró. Ìbòmú irú N95 ni kí ẹ rà fún wọn, kí wọ́n máa da omi sí táìsì bí wọ́n ṣe ń gé e, kí wọ́n sì rin ògiri kí wọ́n tó yún un. Owó rẹ̀ ò tó owó gálọ́ọ̀nù ọ̀dà kan.

Bí ọlọ́jà bá wá ní nánò ni tòun, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: nánò kí ni? Fàdákà ni àbí sílíkà? Ìyẹ̀fun ni àbí ó ti wà nínú omi? Ẹ ní kó mú ìwé ààbò ọjà náà wá, èyí tí ilé iṣẹ́ máa ń ṣe, tó ń sọ èròjà inú rẹ̀ àti ohun tó yẹ kéèyàn ṣe bó bá kan ojú tàbí tó wọ imú. Bí kò bá sí ìwé, ẹ má san ju iye tí ẹ máa san fún ọ̀dà lásán lọ. Bí ẹ bá sì rà á, ẹ má ju ike rẹ̀ nù títí iṣẹ́ á fi parí. Bí àyà bá ń fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn tó fọ́n ọn, ẹ gbé ike náà dání lọ sí ọsibítù, kí dókítà lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀.